Ẹ̀gẹ́ Tí Wọ́n Bọ̀ Bí Iṣu

Bí ẹ bá dé Ìlógbò-Èkìtì lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ilé Kọ́láwọlé. Orí àpáta yẹn ni Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tósìn, ti ń sá èlùbọ́ iṣu láti ọdún tó ti wọlé ọkọ. Èlùbọ́ rẹ̀ kì í ní yanrìn, kì í rùn, kì í sì pẹ́ kó tó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ti Ìdó wá rà á.

Lọ́dún tó kọjá, òjò tètè dáwọ́ dúró. Iṣu tí Kọ́láwọlé wà lóko kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Kí oṣù kejì ọdún tó parí, ẹ̀bù nìkan ló ṣẹ́kù sínú abà, kò sì sí àgbẹ̀ gidi tí í jẹ ẹ̀bù.

Yísà, aládùúgbò wọn, rí bí nǹkan ṣe rí. Ògiri ilé rẹ̀ àti ti Kọ́láwọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó pe Kọ́láwọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá Tósìn, kí ìyàwó rẹ lọ sóko mi lọ́nà Ayébòdé, kó wa ẹ̀gẹ́ tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ gàrí ni o. Kì í ṣe èyí tí a ń sè jẹ. Ó korò."

Kọ́láwọlé dúpẹ́ dúpẹ́. Ó délé, ó sì jíṣẹ́ náà fún ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe rán an, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ibí yìí ni ìjà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe káàkiri Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ó ti di ọdún kọkànlélógún báyìí. Ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ títí tó sú mi ni "mo mọ̀ ọ́n ṣe." Òkú tí mo ti bá nílé àwọn tó mọ nǹkan ṣe kò kéré.

Kẹ́mi wa ẹ̀gẹ́ náà. Ó ronú nípa gàrí. Yóò gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, yóò dúró de ọjọ́ mẹ́ta kó kan, yóò fún un, yóò wá igi ìdáná tí yóò fi yan án. Ó mi orí.

"Èlùbọ́ ni uṣẹ́ mi," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni n ó ṣe."

Ó bó ẹ̀gẹ́ náà, ó gé e bí ẹní gé iṣu. Ó se omi títí ó fi hó, ó dà á lé e lórí, ó dé e mọ́jú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó da omi nù, ó sá a sórí àpáta. Oòrùn oṣù náà le. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ ti gbẹ, ó ń dún kókókó. Wọ́n lọ̀ ọ́, ó funfun báláú.

Ràbíátù, ìyàwó Yísà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàmálù, ti rí i nígbà tó wà lórí àpáta.

"Ìyá Tósìn, ẹ̀gẹ́ lo bọ̀ bí uṣu yìí?"

"Inú ulẹ̀ kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ti jáde?"

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ràbíátù gbé garawa omi rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú ni Kẹ́mi kọ́kọ́ ro ọkà nínú èlùbọ́ náà. Ràbíátù bu ọbẹ̀ ilá wá fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ara wọn. Kọ́láwọlé ṣì wà lóko. Gift, ọmọbìnrin ọdún méje tí í ṣe àbíkẹ́yìn, ló kọ́kọ́ ti súkúù dé. Láti àárọ̀, ẹ̀kọ kan ṣoṣo ló wà níkùn rẹ̀. Ó jẹ ọkà náà tán, ó tọrọ sí i, ìyá rẹ̀ sì bù sí i fún un tìfẹ́tìfẹ́. Tósìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, dé nígbà tó kù díẹ̀. Ó jẹ èyí tó kù sídìí ìkòkò pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà.

"Mọ́mì, orí ń fọ́ mi," ni Gift wí.

"Oòrùn tó o rìn ni. Lọ dùbúlẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀. Ó dìde, ó bì. Ó fẹ́ rìn wá bá ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Mímí rẹ̀ wá ń yára, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹni tó sáré gun òkè. Tósìn náà ní òòyì ń kọ́ òun. Kẹ́mi fúnra rẹ̀ di ògiri mú, nítorí ilẹ̀ ń yí lójú rẹ̀.

Ràbíátù ló gbọ́ igbe rẹ̀. Òun ló sáré pe ọlọ́kadà méjì, òun náà ló gbé Tósìn sí àyà rẹ̀ lórí ìkejì. Kẹ́mi di Gift mú lórí èkíní. Wọn kò tíì débi títì Ìdó tí ara ọmọ náà fi gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kẹ́mi kò sọ fún ọlọ́kadà pé ọmọ ti dákẹ́. Ó ṣáà ń sọ fún un pé kó yára.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa atẹ́gùn sí Tósìn nímú, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ fún un. Kékeré tí òun àti ìyá rẹ̀ jẹ ló yọ wọ́n. Ti Gift ti kọjá àtúnṣe.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin ín. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ. Inú yàrá ni Kẹ́mi wà, ó ń gbọ́ ohùn àlùfáà láti ẹ̀yìn ilé.

Àǹtí Adéwùnmí, ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé obìnrin, ti Ìkọ̀lé dé. Kò tíì tú gèlè tó fi béèrè.

"Kí ni àwọn ọmọ yìí jẹ?"

"Ọkà ni, mà," ni Kẹ́mi dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

"Pẹ̀lú ọbẹ̀ wo?"

"Ọbẹ̀ ilá. Ìyá Kàmálù ló bù ú wá."

Adéwùnmí yíjú sí ògiri ilé Yísà. "Bí ukú ulé ò pani, tòde ò lè pani," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu, kò ṣe é kó mọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ràbíátù. Ó kúnlẹ̀ síwájú gbogbo ẹbí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra, ọbẹ̀ yẹn náà lèmi àti Kàmálù jẹ. Ìkòkò kan náà ni mo ti bù ú!"

"Ẹni tó ní oògùn ló ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀," ni Adéwùnmí dá a lóhùn. "Ọmọ ẹ jẹ ẹ́, kò kú. Tiwa jẹ ẹ́, a sin ín."

Ó yẹ kí Kọ́láwọlé wí nǹkan. Ọkùnrin tó mọ̀ pé Yísà ló fún òun ní oúnjẹ nígbà tí abà òun ṣófo, orí ló gbé sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti sọ òkò lu páànù ilé Yísà. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, Yísà kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ayébòdé.

Ọjọ́ kẹta yẹn kan náà ni wọ́n dá Tósìn sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó délé, ó rù, ebi ń pa á. Ilé sì kún fún àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, tó fi mọ́ àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ọmọ wọn kéékèèké. Wọn kò lè máa wo ara wọn lójú títí di ìrọ̀lẹ́ láìjẹ nǹkan.

"Ẹ gbé omi kaná," ni Adéwùnmí pàṣẹ. "Èlùbọ́ wà nínú àpò. Ẹ ro ọkà fáwọn èèyàn. Èmi ni mo máa se ọbẹ̀ fúnra mi lónìí."

Omi ti ń hó nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Àmírà ló sọ̀ kalẹ̀. Òun ló tọ́jú Tósìn lọ́jọ́ kìíní. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìbòrí tó wé ti gba eruku, ó sì mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́.

Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé. "Ẹ kú ìrójú o. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ jẹ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, láti àárọ̀."

"A ti mọ̀ ọ́n," ni Adéwùnmí wí. "Ọbẹ̀ ni."

"Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ nìkan ń kọ́? Ṣé ó ṣàìsàn?"

Àmírà yíjú sí Kẹ́mi.

"Ìyá Tósìn, ọkà tí ẹ rò, irú èlùbọ́ wo ni?"

"Èlùbọ́ mi ni. Ẹ̀gẹ́ ni mo fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Mo bọ̀ ọ́, mo sá a."

"Ẹ bọ̀ ọ́? Ẹ ò rẹ ẹ́ sómi títí tó fi rọ̀? Ẹ ò rin ín?"

"Bí mo ṣe ń ṣe uṣu ni mo ṣe ṣe é."

Nọ́ọ̀sì náà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré sí ìdí ààrò. Ọmọge kan ti bu èlùbọ́ sínú igbá, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti dà á sínú omi. Àmírà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má dà á sómi! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan èlùbọ́ yìí!"

Gbogbo ilé dìde. Adéwùnmí tẹ̀ lé e dé ìdí ààrò, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo ti mọ̀. Ẹlẹ́sìn ẹ ni Ràbíátù, o fẹ́ bò ó láṣìírí. O wá gbé ẹ̀bi ka orí ìyàwó wa, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá parọ́, ẹ lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi, kí ẹ tó fún Tósìn ní oúnjẹ yìí."

Orúkọ Tósìn ló dá wọn dúró. Wọ́n jókòó sórí àga àti orí ẹní, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àmírà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gẹ́, iṣu, ewúrẹ́, ẹ̀yin, èmi, sẹ́ẹ̀lì ni Ọlọ́run fi kọ́ gbogbo wa. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Yàrá kékeré ni. Awọ yí i ká, omi kan tó ki bí ògì sì kún inú rẹ̀."

"Sáítópíláàsìmù," ni Tósìn sọ láti orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí. "A yà á ní súkúù."

"Òun gan-an. Inú omi yẹn ni àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ wà, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń pàṣẹ. Àwọn kan ń ṣe èròjà tó ń mú ara dàgbà. Àwọn kan ń dì í, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Àwọn kan ń kó ìdọ̀tí. Ó wá ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní fákúólì. Iṣu ní àpò yìí, omi àti ohun dídùn ló ń kó síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kíkorò náà ní in, ṣùgbọ́n májèlé ló ń kó sínú tirẹ̀, kí eku àti kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀."

"Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń jẹ gàrí," ni Kọ́láwọlé wí. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò la ẹnu láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Májèlé yẹn wà ní dídè nínú àpò. Ohun tó lè tú u kò sí nínú àpò náà, ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ló wà. Bí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ẹ fọ́ ògiri, ẹ fọ́ àpò, àwọn méjèèjì pàdé. Májèlé tú, ó bá omi tí ẹ fún lọ, ó bá afẹ́fẹ́ lọ, iná tí ẹ fi yan án lé ìyókù. Bí ẹ bá sì rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó ń rọ̀, ògiri ń wó fúnra rẹ̀, májèlé ń bá omi ìrẹ lọ. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a kì í kánjú ẹ̀gẹ́."

Kẹ́mi gbé orí sókè. "Ṣùgbọ́n mo fi omi híhó bọ̀ ọ́. Kí ni omi híhó kò lè pa?"

Mo rò pé Àmírà ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní gún un jù, ọ̀nà náà kò sì sí.

"Omi híhó pa ohun tó yẹ kó tú májèlé náà, mà. Májèlé fúnra rẹ̀ kì í bẹ̀rù omi gbígbóná. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jókòó sínú àpò, oòrùn gbẹ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ọ̀dá ọdún tó kọjá sì tún ti jẹ́ kó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú ìfun àwọn ọmọ ló ti wá tú. Sáyánáìdì ni orúkọ rẹ̀."

"Kí ló ṣe fún wọn?" Kẹ́mi ló tún béèrè.

"Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Ó rí gbọọrọ bí hóró ìrẹsì. Awọ méjì ló ní, ti inú sì ṣẹ́ léra lọ́pọ̀ ìgbà bí aṣọ tí a ká. Orí awọ inú yẹn ló ti ń lo atẹ́gùn tí a mí símú láti fi sọ oúnjẹ di agbára. Ààrò ara ni. Sáyánáìdì dí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná ààrò bá kú. Èèyàn lè máa mí, atẹ́gùn lè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì ní wúlò. Ọpọlọ àti ọkàn ni kì í lè fara dà á, nítorí iná tiwọn kì í sinmi. Ara ọmọdé kéré, ìwọ̀n tí àgbà fara dà lè pa á."

Kẹ́mi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ní kí n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òun," ó wí. "Orí ọ̀kadà la wà. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá lójú. Ó ṣì ń bẹ̀ mí pé, 'Mọ́mì, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi.'"

Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kẹ́mi kò sunkún.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ọwọ́ mi ni?"

"Ẹ kò mọ̀, mà."

"N ò bi ọ́ bóyá mo mọ̀."

Àmírà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì náà mú. "Èlùbọ́ yẹn ni, mà," ó wí.

Àǹtí Adéwùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rántí tẹ́ ẹní. Òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n ro ọkà náà fún Tósìn àti gbogbo ọmọ tó wà nílé.

Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn lẹ́yìn ilé, wọ́n da èlùbọ́ náà sí i, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kí adìyẹ má baà jẹ ẹ́. Àmírà bu díẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èsì àyẹ̀wò dé, ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Kọ́láwọlé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ayébòdé láti tọrọ àforíjì. Yísà gbé àga fún wọn. Ràbíátù gbé omi fún wọn.

"Mo ti forí jì yín," ni Ràbíátù wí. "Mo rí ẹ̀gẹ́ yẹn lórí àpáta, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n n ò lè padà sí ulé tí wọ́n ti sọ òkò lù mí. Ẹ bá mi kí Ìyá Tósìn."

Ilé Yísà ṣì wà ní títì.

Kẹ́mi kò ṣe èlùbọ́ mọ́. Nígbà tí èmi àti Àmírà bẹ̀rẹ̀ ìlanilọ́yẹ̀ yìí láti ìlú dé ìlú, òun ló bẹ̀ wá pé ká mú òun dání. Ní Ààyè-Èkìtì, nínú ìpàdé àwọn obìnrin ní gbọ̀ngàn ìlú, ó dìde, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Gift lorúkọ ọmọ mi. Èmi ni mo se oúnjẹ tó pa á." Ìyá àgbà kan bú sẹ́kún, ó ní kí ló dé tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ ara rẹ̀ níyà. Kẹ́mi dá a lóhùn pé bí òun bá dákẹ́, wọn yóò máa sọ lọ pé Ìyá Kàmálù ló pa á, ìyá mìíràn yóò sì tún gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sórí àpáta.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ẹ̀gẹ́, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ gàrí, ẹ má sè é jẹ, ẹ má bọ̀ ọ́ bí iṣu, ẹ má gé e sá sóòrùn lásán. Ẹ bó o, ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yan án. Bí ó bá jẹ́ láfún tàbí fùfú lẹ fẹ́ ṣe, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, títí yóò fi rọ̀ délẹ̀, kí ẹ sì da omi ìrẹ náà nù síbi tí ẹran kò ti ní mu ún. Ọdún tí ọ̀dá bá dá, ẹ fi ọjọ́ kan lé e. Ẹ má jẹ́ kí ebi tàbí ọjà tó sún mọ́lé gé ọjọ́ náà kúrú.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, tí mímí rẹ̀ ń yára, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ní oòrùn ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú díẹ̀ dání nínú oúnjẹ tó jẹ. Kí ẹ tó nawọ́ sí aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ wo inú ìkòkò tiyín.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ̀gẹ́ ń béèrè. Ẹ fún un.